Agolo fíìmù mẹ́rin tí Bàbá Kékeré fi sílẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti gbọ́ ìtàn ilé sinimá àtijọ́ tí àwọn tó ṣáájú sọ. Tèmi rèé.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ni ọ̀pùréétọ̀, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbé fíìmù sójú aṣọ, nílé sinimá kan l'Óṣogbo níbí. Yàrá kótópó tó wà lókè, lẹ́yìn èrò ìwòran, ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ Iléyá tó kọ́kọ́ mú mi gòkè. Nísàlẹ̀, èrò kún fọ́fọ́, àwọn mìíràn dúró ti ògiri pẹ̀lú gúgúrú àti ẹ̀pà lọ́wọ́.

Ooru yàrá náà kọjá àfẹnusọ. Iná inú ẹ̀rọ náà kì í ṣe gílóòbù. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù méjì ló kọjú síra wọn, tí iná ń bù yẹ̀rì láàrin wọn, ó mọ́lẹ̀ débi pé gíláàsì dúdú lèèyàn fi ń wò ó. Bí wọ́n ṣe ń jó ni wọ́n ń kúrú, nítorí náà ọwọ́ Bàbá Kékeré kì í kúrò níbi tó ti ń sún wọn mọ́ra. Àwòrán 24 ló ń kọjá níwájú iná yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń lò, torí pé ríìlì kan, ìyẹn ìdì fíìmù kan, kì í ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Tí ti àkọ́kọ́ bá fẹ́ẹ́ tán, àmì róbótó kékeré kan á ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ ní igun ọ̀tún lókè aṣọ funfun. Bàbá Kékeré á tan mọ́tò ẹ̀rọ kejì. Tí àmì bá tún ṣẹ́jú, á yí i sí ìkejì, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní fura. Ó ní iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣọ́ igun yẹn. "Àmì!" ni mo máa ń ké. Títí dòní, bí mo bá ń wo fíìmù àtijọ́, igun yẹn lojú mi ń lọ.

Fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí fíìmù Yorùbá bá wọ̀lú, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tó ṣe é ló ń gbé e kiri fúnra wọn, torí ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀, wọn ò sì fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Wọ́n á jókòó ti gẹ́ètì, wọ́n á máa ka tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù wọn tọ́. Ẹ ṣáà rántí Baba Sàlá, aládùúgbò wa n'Íléṣà: lẹ́yìn tó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, wọ́n jí i dà sórí kásẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn ń wò ó ní pálọ̀ wọn, gbèsè sì wọ baba náà lọ́rùn.

Kásẹ́ẹ̀tì yìí náà ló tú ilé sinimá wa ká. Àwọn nǹkan mìíràn tún kún un: lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní 1986, ọ̀pá kábọ́ọ̀nù di ọ̀wọ́n, ẹ̀rù olè kò sì jẹ́ kí àwọn ìyá wa jáde lálẹ́ mọ́. Wọ́n ta àwọn ìjókòó. Ìjọ kan lo ilé náà fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ibi ìkósìmẹ́ńtìsí. Mi ò bínú sí wọn, ilé tí wọ́n ń lò sàn ju èyí tó wó lọ. Ohun tó dùn mí ni ihò méjì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde lára ògiri ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́ ẹ pa.

Nígbà tí Bàbá Kékeré kú, a bá agolo fíìmù mẹ́rin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí mo ṣe ṣí ti àkọ́kọ́, òórùn ọtí kíkan gbá mi nímú. Mo rò pé oògùn ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe ń kú nìyẹn: ooru àti ọ̀rinrin á jẹ ẹ́, á súnkì, á ká kòrokòro, òórùn rẹ̀ á sì kó bá èyí tó wà nítòsí. Mẹ́ta ti lẹ̀ pọ̀ gbagidi. Ìkẹrin ṣì dára. Mo nà án sójú fèrèsé, mo rí ọkùnrin kan tó ń sáré, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan.

Ìyàwó mi ní kí n dà wọ́n nù. Mo kọ̀. Fíìmù Haúsá kan, Shaihu Umar, tí wọ́n ṣe ní 1976, gbogbo èèyàn rò pé ó ti sọnù, kí wọ́n tó rí i ní Jọ́ọ̀sì ní 2016, wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Mo ya agolo tó dára yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn mẹ́ta tó kù, sí ibi tó tutù tó sì gbẹ.

Bí àlejò bá wá s'Óṣogbo, a máa ń mú wọn lọ sí igbó Ọ̀ṣun. A máa ń sọ fún wọn pé ilé ọtí Dúró Ládípọ̀, eléré orí ìtàgé nì, ló di Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní 1962. Kò sẹ́ni tó ń mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìkósìmẹ́ńtì yẹn. Mo débẹ̀ lóṣù tó kọjá. Àwọ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ihò náà yàtọ̀ sí ti ògiri, nítorí náà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn ṣì hàn. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ohùn Bàbá Kékeré ni mi ò gbà sílẹ̀, ó sì ń dùn mí gan-an. Ẹ̀yin ará Iléṣà, Ẹdẹ, Ìkìrun, tí ẹ bá mọ ọ̀pùréétọ̀ àtijọ́ kan tó ṣì wà láyé, tàbí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó mi létí. Màá wá, tèmi ti fóònù mi.