Ọ̀sẹ̀ kan ẹ̀kọ, ọ̀sẹ̀ kan aró: àdìrẹ ṣíṣe láàárín ọ̀rẹ́ nígbà tí ìlú le

Ọmọ Ìtòkú

Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ni kò lówó àríyá mọ́. Bí wọ́n bá jókòó, iye tí wọ́n ń ta gáàsì àti gàrí ni wọ́n ń kà fún ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn kan ti wá fi iṣẹ́ ọwọ́ dípò rẹ̀: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kí wọ́n tó rì í bọ aró, ni wọ́n ń ṣe pa pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ wá sọ ohun tí ẹ ti rí. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ó dára, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Láfún mélòó, omi mélòó, kí ló máa ń bàjẹ́, kí ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń tú ká lẹ́yìn oṣù méjì?

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ibi títú ká yẹn ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń tú wọn ká ni pé wọ́n fẹ́ parí aṣọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n á ya ẹ̀kọ láàárọ̀, wọ́n á sá a sóòrùn fún wákàtí méjì, wọ́n á rì í bọ aró nígbà tí inú ẹ̀kọ ṣì tutù. Ẹ̀kọ á yọ́ sínú aró, aṣọ á dà bí ìnulẹ̀ tí aró dà sí, ojú á ti gbogbo wọn, kálukú á sì ti ráyè iṣẹ́ mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ pín in sí méjì. Ọ̀sẹ̀ kan ẹ̀kọ, ọ̀sẹ̀ kejì aró. Ẹ̀kọ tó bá ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan á le gbagidi, kò ní tètè yọ́. Aṣọ tí kò tíì parí a sì máa pe ẹni tó ni ín padà wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbé tirẹ̀ lọ sílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá gbé e lọ á ká a sínú àpò, ẹ̀kọ á sì ṣẹ́ lójú ibi tó ká. Orí okùn ni kó wà nílé ẹni tí ìpàdé kàn.

Ẹ̀kọ fúnra rẹ̀ rèé. Ife láfún kan sí ife omi mẹ́rin. Ẹ fi ife omi tútù kan po láfún náà, ẹ gbé mẹ́ta yòókù kaná. Bó bá ti hó, ẹ máa da èyí tí ẹ pò sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó. Ẹ yọ́ ṣíbí tíì kan álọ́ọ̀mù àti ìdajì ṣíbí tíì bulúsítóònù (copper sulphate) nínú omi gbígbóná díẹ̀, kí ẹ dà á sí i. Kó wà lórí iná kékeré fún bí ogún ìṣẹ́jú, títí tí funfun rẹ̀ á fi lọ tí á sì máa dán. Lẹ́yìn náà ẹ sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ẹ má fo ìyẹn o: kókó kékeré kan ṣoṣo tó bá kọ́ ìyẹ́ lẹ́nu á ba ìlà tó gùn tó apá jẹ́.

Ẹ ki ìyẹ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ gbé e sókè. Bó bá ń kán tó-tó-tó bí omi, ó ṣàn jù, á sá gba abẹ́ ìlà lọ. Bó bá dúró gègèlè, ó ki jù, á ṣẹ́ bọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Bulúsítóònù kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ náà tètè kan, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ìkòkò, ọmọorógùn àti aṣọ ìsẹ́ tí ẹ bá fi ṣe é kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná láé.

Olùkọ́ Àwòrán

Kí ẹ tó dé ìdí ẹ̀kọ rárá, ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ. Tẹ́rú, aṣọ funfun tí a fi ń ṣe àdìrẹ, máa ń ní ẹ̀kọ ilé iṣẹ́ nínú nígbà tó bá ṣì tuntun, aró kò sì ní wọ inú rẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ kán omi sí i lórí nígbà tó bá gbẹ: bí omi náà bá wọlé lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Bó bá ń yí gbirigbiri lórí aṣọ bí ìgbà tí omi bá bọ́ sórí ewé kókò, ẹ tún un fọ̀.

Fún ènìyàn márùn-ún, ẹ ra yáàdì márùn-ún tó fẹ̀ tó íńṣì 36, ẹ gé e sí méjì. Ìdajì kọ̀ọ̀kan jẹ́ yáàdì méjì ààbọ̀. Ẹ ká a sí méjì ní ìbú, kí ẹ pín gígùn rẹ̀ sí márùn-ún. Á bọ́ sí onígun mẹ́rin mẹ́wàá (ojú mẹ́wàá), ìdajì yáàdì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú ibi tí ẹ ká yẹn ti tó àmì, ẹ má fi pẹ́ńsù fa nǹkan kan. Ẹni kọ̀ọ̀kan á ní ojú méjì lára ìdajì kan, méjì lára ìkejì. Nígbà tó bá parí, ẹ rán méjèèjì pọ̀ di ìró kan, bí àwọn ìyá ti ń ṣe é látijọ́.

Ìyẹ́ apá adìyẹ ni kálámù wa. Ẹ gé irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù, kó ku díẹ̀ bí èékánná lórí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ; ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ máa ṣàn látẹnu rẹ̀, kí ẹ máa fà á sọ́dọ̀ ara yín. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan dára fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, orí ìṣáná fún ẹ̀kán. Bí ẹ bá fẹ́ ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gé igbá tó fọ́ ní eyín bíi ti òòyà, ẹ fi wọ́ ẹ̀kọ tó ṣì tutù. Iwájú aṣọ nìkan ni kí ẹ ya àwòrán sí, ẹ má ya ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù kò ní yè é lójú aró, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn wínníwínní ẹ jọ̀ọ́.

Kí lẹ ó wá yà? Àwọn ìyá wa kò dúró de ohun tó lẹ́wà. Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ṣí ní 1929, òpó rẹ̀ sì wọ inú àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ṣíbí wà láàárín òpó kan sí èkejì. Ayẹyẹ Ọba George Karùn-ún ní 1935 ló bí aṣọ tí wọ́n ń pè ní Olóba. Nítorí náà, sílíńdà gáàsì, kẹ́ẹ̀gì òfìfo, jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló lè wọnú ojú tìrẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ síni lọ́sẹ̀ yẹn ni kéèyàn yà. Kò pọn dandan kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Abẹ́rẹ́ àti Ìko

Mo bá yín jiyàn níbì kan. Ẹlẹ́kọ kò dára fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pàápàá tí ara ẹnì kan kò bá balẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè mú ìyẹ́. Ẹ fi oníko, èyí tí wọ́n ń fi okùn ìko dì, ṣe oṣù àkọ́kọ́.

Ìko, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀wà, ó tán. Ẹ gbé òkúta kan sábẹ́ aṣọ, ẹ fún aṣọ mọ́ ọn, ẹ wé ìko mọ́ ọrùn rẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ sì fà á títí tí kò fi ní lè yí mọ́. Ìko gbígbẹ á dá: ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìdajì wákàtí ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ òbírí ńlá bíi ti oṣù bàmbà, ẹ gbé àárín aṣọ sókè ṣóńṣó, kí ẹ máa dì í sísàlẹ̀, kí ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀ láàárín ìdì kan sí èkejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ìdì tó dẹ̀: aró á yọ́ wọlé, funfun á di búlúù ràkọ̀ràkọ̀. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n fi abẹ rẹ́sọ̀ tú u. Ìko ni kí ẹ gé, ẹ̀yìn ìdì, kì í ṣe aṣọ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún ìjókòó ni pé ọwọ́ ló ń ṣe é, ojú kò pọn dandan. Ẹlẹ́kọ ń dákẹ́ ni, kálukú á tẹjú mọ́ ìyẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn bá ń di ìko, ó lè sọ ohun tó wúwo láìwo ojú ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń gbọ́ náà kò ní wò ó lójú. Ẹ jókòó yípo, kí agbọ̀n òkúta wà láàárín.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ ṣé o. Aró wá ńkọ́? Èlú, ewé aró, tàbí ti ọjà?

Aláró Kékeré

Agbe ló laró tí kì í ráhùn aró. Àwa tí kì í ṣe agbe ń ráhùn rẹ̀ gan-an lásìkò yìí.

Èlú dára, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ilé tó ní àgbàlá. Ìkòkò méjì, ọ̀kan lórí ìkejì. Tòkè ní ihò nídìí, ẹ fi eérú igi kún un, kí ẹ da omi sí i, kó máa kán sínú tìsàlẹ̀. Omi eérú tó dára a máa yọ̀ láàárín ìka bí ọṣẹ. Òun lẹ ó kó odidi èlú gbígbẹ sí. Ẹ bò ó, ẹ máa rò ó lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Nígbà tí omi bá di àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, tí ìfófó búlúù àti awọ bí idẹ sì wà lójú rẹ̀, ó ti tó. Lákòókò ọyẹ́ ó máa ń lọ́ra, nítorí òtútù. Àwọn àgbà ń sọ pé Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn aláró, ló bínú bí aró bá kú. Ẹ bọ Ìyá Mapó bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ tún eérú yín yẹ̀ wò.

Ẹgbẹ́ tó ń pàdé nínú ilé tí ẹbí púpọ̀ ń gbé, ti ọjà ló rọrùn fún un. Kì í sì í ṣe àbùkù. Ní 1936, àwọn aláró Abẹ́òkúta bá Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá fà á gidigidi torí pé òfin ka kọ́sítíìkì (caustic soda) àti aró òyìnbó léèwọ̀. Fún lítà omi mẹ́wàá: ṣíbí ìjẹun mẹ́ta aró lúbúlúbú, mẹ́ta kọ́sítíìkì, mẹ́fà háídírọ́ọ̀sì (sodium hydrosulphite). Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni o, kì í ṣe gbígbóná, torí omi gbígbóná á jẹ ẹ̀kọ.

Kọ́sítíìkì ni kí ẹ dà sínú omi. Bí ẹ bá da omi lé kọ́sítíìkì, á hó ta sí yín lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìta gbangba, ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, omi púpọ̀ tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi òróǹbó tàbí ọtí kíkan pa á. Tó bá jẹ́ ojú ni, kó lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń fi omi fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú. Àwọ̀ ewé ni kí ẹ rí nínú rẹ̀. Bó bá ṣì jẹ́ búlúù tó dúdú kirikiri, háídírọ́ọ̀sì ti rẹ̀: ṣíbí kan sí i, ẹ má fi aró kún un. Ẹ rọra ri aṣọ wọ inú rẹ̀ láìdà á rú, ìṣẹ́jú méjì péré, ẹ fà á jáde. Á jáde ní àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di búlúù látetí aṣọ wọ àárín. Gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fún un, ẹ kàn fi kọ́ okùn. Bó bá gbẹ, ẹ tún un rì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìgbà kan tó pẹ́ kò lè dípò ìgbà márùn-ún kúkúrú: àwọ̀ á wà lójú aṣọ lásán, á sì máa ta síni lára.

Ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ gan, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ hó ẹ̀kọ kúrò, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi tútù títí omi á fi mọ́. Omi aró tó kù, ẹ gbẹ́ ihò jìnnà sí kànga kí ẹ dà á síbẹ̀.

Ará Peckham

Láfún wà níbí ní London, oòrùn ni kò sí. Nígbà òtútù ẹ̀kọ lè má gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má gbé e sí etí ẹ̀rọ amúléwọ́ọ́rọ́, á gbẹ ní òkè, á wó láti inú. Ẹ̀kọ nìkan la máa ń ṣe láti oṣù kọkànlá sí ìkejì, aṣọ á máa kó jọ. Àárín oṣù kẹrin ni aró, nínú ọgbà. Háídírọ́ọ̀sì nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ohun kan ṣẹ́ kù. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń ṣọ̀fọ̀ tàbí tó ń dààmú tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbé ọmọorógùn fún un. Ríro láfún gba ogún ìṣẹ́jú, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹni tó ń rò ó ní ìbéèrè, torí pé bó bá dúró á jó. Bó bá fẹ́ ya nǹkan lẹ́yìn náà, kó yà. Bí kò bá fẹ́, ó ti ṣe ìpín tirẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú

Ṣé ẹ̀kọ tó ṣẹ́ kù lè dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Bí bulúsítóònù bá wà nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, níbi tó tutù. Bó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù. Kí ẹ sì kọ MÁ JẸ gàdàgbà sára ìkòkò náà, torí ó jọ ògì.