"Agbóhùn" ni àbí "òòfà oníwáyà"? Lórí orúkọ àwọn ẹ̀yà gìtá oníná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti akẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ èdè. Ọ̀kan lára wa túmọ̀ ìtàn gìtá tí Brian May, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Queen, àti bàbá rẹ̀ Harold bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn kàn nílé ní oṣù Ògún ọdún 1963, nígbà tí May jẹ́ ọmọ ọdún 16. Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ mẹ́ta nínú àwọn orúkọ tó lò, èyí àkọ́kọ́ ló sì ká mi lára jù.

"Agbóhùn" ló pe píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀yà tó wà lábẹ́ okùn gìtá. Bí a bá wo inú rẹ̀, òòfà ni, tí a fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn onírin bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀, gbígbọ̀n yìí a máa da agbára tó yí òòfà náà ká rú, ìyẹn ló sì ń bí iná díẹ̀ sínú wáyà, tí áńpílífáyà yóò wá sọ di ohùn ńlá. Kò sí iṣẹ́ etí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó yọ okùn irin kúrò, kí ó fi okùn ọ̀rá sí i, kí ó sì ta á: àwa yóò gbọ́ ohùn okùn náà, ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù kò ní fọhùn, nítorí òòfà kò mọ ọ̀rá. Makirofóònù ló ń gbọ́ ohùn ní tòótọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi "agbóhùn" sílẹ̀ fún un.

Mo kọ́kọ́ rò pé kí a kàn pè é ní "òòfà", ṣùgbọ́n òòfà lásán kò lè mú iná wá bí kò bá sí wáyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí "òòfà oníwáyà". May fúnra rẹ̀ wé àwọn àkọ́kọ́ tó lò kí ó tó fi mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ Burns ṣe rọ́pò wọn, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó bá ti wé wáyà náà rí kò ní pè é ní agbóhùn. Àwọn kan ní àpèjúwe ni èyí, kì í ṣe orúkọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àpèjúwe ni "amóhùnmáwòrán" àti "ọkọ̀ òfuurufú" náà jẹ́ kí wọ́n tó mọ́ wa lẹ́nu. Ẹlòmíràn ní "òòfà" ń rán òun létí oògùn tí a fi ń fa ènìyàn mọ́ra. Lójú tèmi, àǹfààní nìyẹn, nítorí agbára tí a kò fojú rí, tó ń ṣiṣẹ́ láì fara kan nǹkan, ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ nínú méjèèjì.

"Afárá" fún ohun tí okùn gbára lé lórí ara gìtá kò tọ́ lójú mi. Orí afárá ni a ń gbà kọjá odò. Okùn kò ré odò kankan kọjá, ṣe ni nǹkan yìí gbé e ró. "Agbókùnró" ni kí a pè é. Lórí gìtá May, róólà kéékèèké ni okùn kọ̀ọ̀kan jókòó lé kí ó lè máa yọ̀ nígbà tí a bá tẹ ọwọ́ irin tó ń mú ohùn gbọ̀n, síbẹ̀ gbígbé ró náà ni iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìparí" tó lò fún fíníṣíǹgì, ìyẹn iṣẹ́ àṣekẹ́yìn tó ń mú kí ara igi dán kí ó sì lẹ́wà, ni ó kù. Igi ààrò àtijọ́ tí kòkòrò ti lu ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn gìtá náà. Wọ́n fi igi ìṣáná dí ihò rẹ̀, wọ́n sì fi bọ́tìnnì inú àpótí ìránṣọ ìyá rẹ̀ ṣe àmì sí i. Iṣẹ́ báyìí, "ìparí" kò gbé e, nítorí "ìparí" kò sọ ju pé iṣẹ́ tán lọ. "Àṣepé" ni mo dábàá fún gbogbo rẹ̀, kí "kíkùn" sì dúró fún ọ̀dà nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí àwọn káfíńtà tó ń kun àga, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe fífi sáńpépà ha ọ̀dà kí wọ́n tó tún un kùn, nítorí n kò fẹ́ dá orúkọ sílẹ̀ fún ohun tó ti ní orúkọ lẹ́nu wọn.