Yọ́ kẹ́lẹ́ kò sí nínú ohun tó ń fò: èsì mi lórí "ayọ́kẹ́lẹ́fò"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a jọ ń jíròrò lórí èdè wa, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó ń gbé ní Manchester gbé kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí. Ó ní kí a máa pe ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì, tó sì tún ń fò lójú ọ̀run, ní "ayọ́kẹ́lẹ́fò", àwọn mẹ́ta nínú wa sì ti pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ èdè ló mú un ṣe é, inú mi sì dùn pé ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú Òyìnbó ń ronú irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí etí kò bá gbà, ìfẹ́ kò lè tì í wọlé.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ bí etí Yorùbá ṣe máa gbọ́ ọ. Yọ́ ni ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbúròó ẹsẹ̀ òun. Kì í ṣe yọ, kì í ṣe yọ̀. Ohùn òkè ló wà lórí rẹ̀. Kẹ́lẹ́ náà kò jìnnà sí i, òun la ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bàbá bàbá mi wa ọkọ̀ akẹ́rù láàárín Ìbàdàn àti Iléṣà kí wọ́n tó bí mi, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù kò ní tíì yọ sí abúlé tí àwọn ọmọdé á ti máa sáré jáde, nítorí wọ́n á ti gbọ́ igbe rẹ̀ láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré tí àwọn dókítà àti àwọn ajẹ́lẹ̀ ń gùn á ti dé ẹ̀yìn ẹni kí ènìyàn tó mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe sọ. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ fetí sílẹ̀ kó tó la ẹnu.

Àbúrò wa ti dá mi lóhùn ṣáájú, pé yọ́ kẹ́lẹ́ ti kú sínú ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sí ẹni tó ń ronú kan odò mọ́ nígbà tó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ti rìn jìnnà sí etí omi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ ni ọkọ̀, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú rẹ̀ tó lè jí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló gbé ayọ́kẹ́lẹ́ ró, bí a bá sì ti so ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn mọ́ ọn nídìí, èyí tó ti sùn á jí, nítorí bí èdè wa ṣe ń to ìṣe tẹ̀lé ìṣe nìyẹn. A-yọ́-kẹ́lẹ́-fò: ẹni tó yọ́ kẹ́lẹ́, tó wá fò. Ológbò tó ń ṣọdẹ eku ni mo rí níbẹ̀, n kò rí ọkọ̀.

Bí a bá tilẹ̀ fi gírámà sílẹ̀, ohun náà fúnra rẹ̀ kò yọ́. Ẹ wo AirCar tí Štefan Klein ṣe ní Slovakia. Ní ọjọ́ 28 oṣù Òkúdù ọdún 2021, ó fò láti Nitra dé Bratislava ní ìṣẹ́jú 35, nǹkan bí ìdajì àkókò tí ojú títì ń gbà. Nígbà tó balẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan, apá ọkọ̀ náà ká mọ́ra, ìrù rẹ̀ súnkì, ó sì wà á wọ àárín ìlú. Ìyípadà yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ lọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022 ni àwọn aláṣẹ ìrìnnà ilẹ̀ náà fún un ní ìwé-ẹ̀rí pé ó yẹ láti fò. Ẹ́ńjìnnì BMW ló ń gbé e, abẹ̀bẹ̀ ńlá sì ń yí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ní irú abẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè yọ́ kẹ́lẹ́ lórí ilé ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ kí ìyá wa láti Ọ̀yọ́ má bínú sí mi lórí èyí tó kàn. Wọ́n ní "ọkọ̀ egbé" ló yẹ ká máa pè é, nítorí àwọn bàbá wa ti ń fò kí Òyìnbó tó mọ bàálù. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ṣùgbọ́n egbé a máa gbé ẹni tó ni ín láti ààrin ogun dé ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀, kì í bi í pé níbo ni pápá wà. AirCar ń fẹ́ pápá tí yóò ti sáré gbéra àti pápá tí yóò balẹ̀ sí, ẹni tó ń wà á sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù pẹ̀lú ti ọkọ̀ ilẹ̀. Bí a bá pè é ní egbé, orúkọ náà á ṣe ìlérí tí ọkọ̀ kò lè mú ṣẹ.

Síbẹ̀ ìyá fọwọ́ kan ibi tó ń dun gbogbo ayé, nítorí kánàkò ni ọkàn àwọn ènìyàn ń wá lára ọkọ̀ yìí. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ká mọ́ orí Third Mainland Bridge láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó wo kìlómítà 11.8 náà síwájú àti sẹ́yìn, kò sí àlàyé tí a lè ṣe fún un tí kò fi ní fẹ́ apá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé, bí ó bá ra AirCar lọ́la tó sì ń gbé ní Ìkòròdú, inú irú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ́ẹ̀ náà ni yóò gbà dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà kó tó lè fò. Ẹnì kan ránṣẹ́ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń darí bàálù, bí ẹyẹ bá sì já bọ́, kì í wó òrùlé.

Níbi ọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yìí ni mo ti fẹ́ rán yín létí ọ̀kadà. Okada Air ni ilé-iṣẹ́ bàálù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Okada ní ilẹ̀ Ẹdó pè. Àwọn ará ìgboro rí alùpùpù tó ń gba àárín ọkọ̀ kọjá bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n sì gbé orúkọ bàálù lé e lórí. Kò sí ìgbìmọ̀ èdè-ìperí, àwọn onímọ̀ tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, tó jókòó lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ̀lẹ́kájà, tó jẹ́ pé ẹnu àwọn èrò tó fún mọ́ inú rẹ̀ ló ti jáde. Irú ọ̀rọ̀ tó ń pẹ́ nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣẹ̀dá ohun tí kò lè bá wọn dúró.

Ohun tí mo mú wá ni "arìnfò", ọkọ̀ arìnfò. Àbúrò wa ní "afòrìn" dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dídùn kọ́ ni mo ń wò, bí ìṣe ṣe tẹ̀lé ara wọn ni: inú ilé ni ọkọ̀ ti ń jáde, yóò rìn dé pápá kó tó fò. Àwọn kan ní "asáréfò". Ẹni tó ń díje níbi eré ìdárayá ni mo gbọ́ nínú ìyẹn. Ní ti ohùn, ẹ jọ̀wọ́, fò ni, ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa láti Abẹ́òkúta kọ "arìnfo". Ìgbà tí àbọ̀, ìyẹn ohun tí ìṣe náà kàn, bá tẹ̀lé e ni ohùn rẹ̀ ń di ti àárín, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé ó fo kòtò, kò sì sí àbọ̀ kankan lẹ́yìn ti ibí yìí.

Wọ́n bi mí bóyá fò tó, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó fo kòtò náà fò. Mo ní ó tó, nítorí ìtàn ọkọ̀ yìí gba fò méjèèjì. Èyí tí Glenn Curtiss gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1917 fò bí ẹni fo kòtò, kò fò bí ẹyẹ rí. Aerocar ti Moulton Taylor ní ọdún 1949 fò fẹ̀rẹ̀, àmọ́ bó bá ti balẹ̀, ó ní láti máa wọ́ apá rẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀ lójú títì bí ẹni wọ́ igi. Ti Convair já bọ́ ní ọdún 1947 nígbà tí epo tán lókè. Ní California ní ọdún 1973, Mizar tí wọ́n fi ọkọ̀ Ford Pinto ṣe fò ṣánlẹ̀, àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ṣánlẹ̀ tó gbẹ̀yìn.

Ẹ má sì jẹ́ ká kó ohun tí kò ní táyà títì mọ́ ọn. EH216-S, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ilé-iṣẹ́ EHang ṣe, tí ilẹ̀ Ṣáínà fọwọ́ sí ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, ń gbé èrò méjì láìsí awakọ̀, bátìrì ló sì ń lò, ṣùgbọ́n kò lè rìn lójú títì. Ìrìn rẹ̀ kò sì lè jìn, nítorí agbára tó wà nínú kílò epo bẹntiróòlù kan ju ti kílò bátìrì kan lọ ní ìlọ́po 40 ó kéré tán, gbígbéra lóòró sì ń jẹ agbára púpọ̀. Lilium àti Volocopter ní Jámánì, tí wọ́n ń ṣe irú rẹ̀, ni owó tán mọ́ lọ́wọ́ ní ọdún 2024. Rà bàbà ni ìṣe tó bá ìwọ̀nyí mu, bí a ti kà á nípa Ẹ̀mí tó ń rà bàbà lójú omi nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Abẹ́òkúta kan náà ṣì dúró lórí "ọkọ̀ àdán", nítorí kò ṣeku kò ṣẹyẹ. Mo ti sọ pé àdán kì í rìn nílẹ̀ lọ sọ́jà, pé bí a bá máa mú ẹranko, àparò ló sún mọ́ ọn, tó ń fẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀ dalẹ́, tí kì í fò jìnnà. Wọ́n ní olùkọ́ ni mí, n kò mọ igbó. Ọdún 27 ni mo fi kọ́ni ní Yorùbá, ó dájú, ṣùgbọ́n oko ni wọ́n ti tọ́ mi, n kò sì ní fi àparò sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní ohun tó sàn ju arìnfò lọ, kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yọ kẹ́lẹ́ kúrò nínú rẹ̀.