Sítáǹpù alámì-ihò, kì í ṣe sítáǹpù tó luhò

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa bi wá ni orúkọ tí a ó máa pe sítáǹpù ìfìwéránṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ihò wẹ́wẹ́ kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí lára. Wọ́n dábàá "òǹtẹ̀ oníhò ti ilé-iṣẹ́". Ẹlòmíràn mú "sítáǹpù onílà" wá, ó ní bí ilà ojú ṣe ń fi ìdílé ènìyàn hàn, bẹ́ẹ̀ ni ihò yìí ń fi olówó sítáǹpù hàn. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, n kò lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà dáadáa ká tó sọ ọ́ lórúkọ.

Inú "tẹ̀" ni òǹtẹ̀ ti jáde. Èyí tí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ fi yíǹkì tẹ̀ mọ́ sítáǹpù kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò, òun ni òǹtẹ̀. Bí a bá tún pe bébà tí a lẹ̀ mọ́ àpò lẹ́tà ní òǹtẹ̀, báwo la ó ṣe sọ pé òǹtẹ̀ bo ihò mọ́lẹ̀? Gbólóhùn yẹn kò ní wọ́n lẹ́nu ẹni tó ń ṣa nǹkan wọ̀nyí jọ. Kí sítáǹpù máa jẹ́ sítáǹpù.

"Oníhò" ló ṣòro jù lójú mi. Àkọ́kọ́, ihò wà létí ọ̀pọ̀ sítáǹpù, èyí tí a fi ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ìyẹn ni mo rò pé ó yẹ ká máa pè ní eyín, nítorí bí eyín ló ṣe rí lẹ́yìn tí a bá ya á tán. Èkejì, garawa tó luhò ti bàjẹ́, aṣọ tó luhò ti gbó. Ẹni tó bá gbọ́ "sítáǹpù tó luhò" á rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Èrò yìí kan náà ló jẹ́ kí àwọn tó ń ṣa sítáǹpù jọ láyé àtijọ́ máa jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èyí tó ti bàjẹ́. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tuntun wa tún àṣìṣe yẹn dá sílẹ̀.

Ihò yìí kò ba nǹkan jẹ́, ìdáàbòbò ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà, ilé ìfìwéránṣẹ́ a máa ra sítáǹpù tí a kò tíì lò padà lọ́wọ́ aráàlú, wọn a yọ díẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀. Akọ̀wé tó bá jí sítáǹpù ọ̀gá rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di owó. Ní 1868, Joseph Sloper ní London gba àṣẹ láti máa fi ẹ̀rọ lu lẹ́tà orúkọ oníbàárà sára sítáǹpù wọn. Èyí tí a bá ti lu, ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ní rà á padà, síbẹ̀ ó ṣì ń gbé lẹ́tà lọ. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ ní 1908.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò ṣàì jiyàn lórí orúkọ rẹ̀. Spifs ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, èyí tí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, perfin borí, ìkékúrú perforated initials, ìyẹn lẹ́tà orúkọ tí a fi ihò kọ, èyí tí kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Jámánì ń pè é ní Firmenlochung, ìyẹn ihò lílu ti ilé-iṣẹ́. Ọ̀nà perfin ni kí a tọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé "ilé-iṣẹ́" lédè wa kó ti ìjọba mọ́ra, pé B.T. tí adé wà lórí rẹ̀, èyí tí í ṣe ti Board of Trade, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí òwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo sítáǹpù Nàìjíríà ti 1936, ọ̀kan tí wọ́n ya kòkó sí. Wọ́n fi ihò kọ SPECIMEN sára èyí tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. SPECIMEN kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó wà níbẹ̀ kí wọ́n má baà lo sítáǹpù náà rárá, nígbà tí ti oníṣòwò wà níbẹ̀ kí ó lè jẹ́ pé olówó rẹ̀ nìkan ni yóò lò ó. Ihò kan náà, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó gbòòrò ni kó kó méjèèjì, ká wá fi "ti olówó" àti "ti àpẹẹrẹ" yà wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹni tó ń kọlà ń fi abẹ ya ara, ojú ọgbẹ́ á jiná, kò dé òdìkejì. Ẹni tó ń fín igbá ń họ ojú igbá ni. Èyí tó la nǹkan já ni "lu", bí a ṣe ń lu etí ọmọ. Etí tí a lu kì í ṣe etí tó bàjẹ́. Mo fẹ́ràn "sítáǹpù lílu" fún ìdí yìí, àmọ́ bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì ohùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "lílù" ni wọ́n á kà. "Àdálu" burú jù bẹ́ẹ̀, torí àdàlú, ẹ̀wà pẹ̀lú àgbàdo, ni yóò kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá àmì-ihò fún ohun tí a lu, sítáǹpù alámì-ihò fún bébà náà, ẹ̀rọ ìluhò fún irinṣẹ́, àti abẹ́rẹ́ fún irin ṣóńṣó inú rẹ̀.

"Lu" wúlò gan-an nígbà tí a bá ń dá ayédèrú mọ̀. Nínú ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ máa ń wọ inú ihò irin tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú rẹ̀, bébà roboto kékeré á já bọ́ sílẹ̀, etí ihò á dán. Ayédèrú tí a fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún kò lu, ó gún lásán. Bébà kò já kúrò, ńṣe ló rú sókè lẹ́yìn bí ètè. Ẹ fi ìka tẹ́ẹ́rẹ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí a má lo "gún" fún ojúlówó.

Láti ka àmì náà, ẹ da ojú sítáǹpù dé lórí káàdì dúdú, kí ihò lè hàn kedere. Lẹ́tà náà lè yí padà bí èyí tó wà nínú dígí, tàbí kó dorí kodò, torí wọ́n a máa ká abala sítáǹpù kí wọ́n tó lu ú. Ẹ ka iye ihò inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi rúlà wọn gíga rẹ̀ ní mìlímítà. Lẹ́tà nìkan kò tó, nítorí oníṣòwò púpọ̀ lè ní S.C., ilé-iṣẹ́ kan náà sì lè lo ẹ̀rọ mẹ́ta. Bí abẹ́rẹ́ bá kán, E lè di F, R lè di P, nítorí náà ẹ fi ọ̀pọ̀ wéra kí ẹ tó pinnu. Èyí tó bá ṣì wà lára àpò lẹ́tà tí a tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí, ẹ má bó o, ẹ̀rí olówó rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ẹ bá máa bó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí yóò fi yọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi agbára fà á, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ihò méjì á ya, S.C. yín á wá di ojú fèrèsé.

Nǹkan kan ṣì wà tí n kò rí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi nínú fún. Nígbà míì abẹ́rẹ́ tó ti kú a máa tẹ bébà wọnú láìlà á já, kókó kékeré nìkan ni yóò hàn lẹ́yìn. Mo ń pè é ní "ihò tí kò là". Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó fi ránṣẹ́.