Quorum sensing: "ìfọ̀rọ̀wérọ̀" kọ́ o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i tí wọ́n fi "ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kòkòrò" túmọ̀ quorum sensing (bí bakitéríà ṣe ń mọ̀ pé àwọn ti pọ̀ tó láti jọ ṣiṣẹ́), tí wọ́n sì pe oje ewéko tó ń dà á rú ní "apakòkòrò". Ẹ jọ̀ọ́, méjèèjì ò tíì débẹ̀.

Ṣé bakitéríà ń jíròrò ni? Rárá o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tú kẹ́míkà kékeré kan síta, tí wọn ò bá pọ̀, kẹ́míkà yẹn á kàn ṣàn lọ ni, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ̀ lójú kan lòun náà ń pọ̀, títí á fi débi tí wọ́n á mọ̀ pé àwọn ti pé, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹyọ kan ò lè dá ṣe. Ẹ wo bakitéríà tó ń jẹ́ Vibrio fischeri, tó bá fọ́n káàkiri nínú òkun kì í tanná, àfi tó bá ti kún inú ara squid, ẹran inú òkun tó ń gbà á sílé. Pípé yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí lọ́dún 1994 tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè ṣèpinnu ni wọ́n fi ṣàpèjúwe ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò ó sí "ìmọ̀pé", àmọ́ ẹni tó bá kà á á máa bi yín pé "mọ̀ pé kí ni?" Péye ló tẹ́ mi lọ́rùn. Àti pé àwa ò kì í "rí" òórùn, a máa ń gbọ́ òórùn ni, so gbọ́ ò mọ sí etí nìkan, ó bá kẹ́míkà mu rẹ́gí. Ìgbọ́péye ni tèmi.

Ti apakòkòrò yẹn ló dùn mí jù, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ńṣe ni kòkòrò ń kú. Ajoene, èròjà kan inú aáyù, ò nílò kó pa bakitéríà Pseudomonas aeruginosa kó tó dín oró tí wọ́n ń jọ tú jáde kù. Chromobacterium violaceum, bakitéríà tí wọ́n máa ń fi dánwò, tún fi hàn kedere: àwọ̀ àlùkò ara ẹ̀, tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ti pé, á pòórá níbi tí irú oje ewéko bẹ́ẹ̀ dé, kòkòrò ọ̀hún á ṣì hù síbẹ̀ dáadáa. Ó ṣe mí bíi kí n pè é ní "adíkòkòròlétí", ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan ń dí ibi tí kẹ́míkà ń bọ́ sí, àwọn enzyme (èròjà tó ń gé kẹ́míkà) kan sì wà tó jẹ́ pé kẹ́míkà fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń gé. Adènà ìgbọ́péye gba méjèèjì.

Ohun tó ṣì ń kọ mí lóminú ni pé àwọn kan ti ń lo ìpéye fún ìwọ̀n tí ò yẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó mú "pé" dání tí ò ní fa ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un wá.