Ta gan-an ni ojú rẹ̀ yẹ fún iṣẹ́ abẹ lésà?

Awò_Nípọn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 22 ni mí, láti ọmọ ọdún 9 ni mo sì ti ń lo awò ojú. Nọ́ńbà awò mi báyìí, -5.25 lójú ọ̀tún, -6.00 lójú òsì, pẹ̀lú astigmatism díẹ̀ lójú òsì yẹn, ìyẹn pé iwájú ojú ò rí roboto déédé. Bí mo bá bọ́ awò, ẹni tó dúró níwájú mi gan-an, ohùn rẹ̀ ni mo fi ń dá a mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe LASIK, iṣẹ́ abẹ lésà tí wọ́n fi ń tún ìríran ṣe, lọ́dún tó kọjá. Ó ní nígbà tí òun jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí bẹ́ẹ̀dì lòun ti ka aago ara ògiri. Láti ìgbà tó ti sọ ọ́ lọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi wò mí, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní ojú mi yẹ, kí n wá sanwó kí n mú ọjọ́. Lẹ́ńsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ni mo wọ̀ débẹ̀, ẹnu ọ̀nà wọn ni mo ti yọ ọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, -4.50 ni ojú ọ̀tún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni iṣẹ́ yìí yẹ fún? Ṣé kí n lọ sanwó ni àbí kí n dúró?

Ìmọ́lẹ̀Ọ̀sán
Mo ṣe tèmi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, -3.75 lójú méjèèjì, mi ò sì kábàámọ̀. Àmọ́ ojú mi ti máa ń gbẹ kí n tó ṣe é, mi ò kà á sí. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń kán oògùn omijé. Bí mo bá jí láàárọ̀, àfi bíi pé iyanrìn wà lábẹ́ ìpéǹpéjú mi. Bí ojú bá máa ń ta ọ́ nídìí kọ̀ǹpútà, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn.

ÌyáÌbejì
Àbúrò mi, jọ̀wọ́ má tíì sanwó.

Èmi ni wọ́n dá padà. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ wò mí ni mo gbọ́ tirẹ̀ ni, mi ò mọ bí ojú mi ì bá ṣe rí lónìí. Nọ́ńbà tèmi, -8.50. Bí wọ́n ṣe ṣe fún ẹ náà ni wọ́n ṣe fún mi níbi àkọ́kọ́, wéré, wọ́n ní mo yẹ. Ọkàn mi ní kí n tún bi ẹlòmíì.

Lọ́dọ̀ dókítà kejì, wákàtí mẹ́ta ni mo lò. Kí n tó lọ rárá, wọ́n ti ní kí n má fi lẹ́ńsì sójú fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí lẹ́ńsì máa ń tẹ kọ́níà, ìyẹn awọ dídán tó wà níwájú ẹyinjú, kúrò ní bó ṣe rí gan-an. Lẹ́ńsì líle tiẹ̀ ń fẹ́ tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tìrẹ tí wọ́n wọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, ojú tí lẹ́ńsì ti tẹ̀ ni wọ́n wọ̀n.

Wọ́n fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há mi ní ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láti mọ bí omijé mi ṣe pọ̀ tó. Wọ́n paná, wọ́n wo bí ọmọlójú mi ṣe ń fẹ̀ tó nínú òkùnkùn. Wọ́n tún kán oògùn tó ń la ọmọlójú, wọ́n yẹ ẹ̀yìn ojú mi wò. Àwa tí nọ́ńbà wa ga, ẹyinjú wa gùn, retina wa, ìyẹn awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú, sì lè ya. Lésà ò mú ìyẹn kúrò, iwájú ojú nìkan ló ń gbẹ́.

Àmọ́ ìdí kọ́níà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n tẹjú mọ́ àwọn òrùka tó ń tàn. Àwòrán méjì jáde bíi máàpù. Ojú ọ̀tún rí déédé, àwọ̀ ewé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ti òsì, àwọ̀ pupa kóra jọ sí ìsàlẹ̀, bíi pé nǹkan kan fà á wálẹ̀. Dókítà fi pẹ́ẹ̀nì tọ́ ọ, ó ní, "Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ ra ojú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti kékeré lojú ti máa ń yún mi. Ó ní ó jọ pé keratoconus ń bẹ̀rẹ̀: kọ́níà ń rọ̀, ó ń fẹ́lẹ́, ó sì ń yọ síwájú. Ẹni tó bá fi lésà gbẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀, ó ń dá kún un ni.

Ó wá ṣírò rẹ̀ fún mi lórí bébà. Kọ́níà ọ̀pọ̀ ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 540 micron, ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdajì mìlímítà. Tèmi, 485. Nínú LASIK, wọ́n á kọ́kọ́ gé awọ pẹlẹbẹ kan ṣí bí ìdérí, bíi 110. Lésà á wá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, bíi 14 fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, 8.50 tèmi á sì jẹ 119. Ó ku 256. Ó ní 250 ni ààlà, òun fúnra òun kì í sì í fẹ́ kó dín ní 300. Mo sunkún níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin rèé. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo ń lọ ya máàpù tuntun. Mi ò fọwọ́ ra ojú mọ́, oògùn tó ń pa yíyún ni mo ń kán. Ti òsì yẹn ò tíì yí padà. Bó bá yí, wọ́n á kán fítámì B2 sí i, wọ́n á tan iná ultraviolet sí i kó lè le.

Tìrẹ wàyí: ojú tó fi 0.75 lé sí i láàárín oṣù mẹ́jọ ò tíì dúró. Wọ́n ń fẹ́ kó wà lójú kan fún ọdún kan, ó kéré tán, kó má yí ju 0.50 lọ. Pípé ọdún 18 nìkan ò tó. Sọ oògùn gbogbo tó o bá ń lò fún wọn pẹ̀lú. Isotretinoin tí wọ́n ń lò fún irorẹ́ máa ń mú ojú gbẹ gan-an. Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ ò wálẹ̀, ẹni tó ní lupus (àìsàn tí agbára ìdáàbòbò ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà), gbogbo wọn ló yẹ kó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ lé e.

Olóòwú
Mo ti lé ní 45, -2.50. Dókítà ní lésà á jẹ́ kí n rí ọ̀kánkán, ṣùgbọ́n màá wá máa wá awò láti fi kàwé. Bí mo bá bọ́ awò báyìí, mo lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Awò_Nípọn
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti yọ lẹ́ńsì láti àná, awò nípọn ni mo fi ń tẹ èyí. Ẹ̀rù wá ń bà mí. Bó bá jẹ́ pé kọ́níà mi fẹ́lẹ́, ṣé kò sọ́nà mìíràn mọ́ nìyẹn?

ÌyáÌbejì
Ọ̀nà ń bẹ. Bó bá kàn fẹ́lẹ́ díẹ̀ tó sì rí déédé, PRK wà, irú iṣẹ́ lésà mìíràn. Wọn kì í gé ìdérí kankan nínú ìyẹn, àmọ́ ó máa ń dunni fún ọjọ́ mélòó kan, ojú kì í sì í tètè mọ́. ICL náà wà, lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú láì gbẹ́ kọ́níà, bí àyè bá wà fún un nínú ojú.

Nígbà tó o bá lọ, gba ẹ̀dà máàpù ojú rẹ àti nọ́ńbà ìfúnpá inú ojú rẹ, kó o tọ́jú wọn. Lẹ́yìn lésà, ìfúnpá yẹn máa ń jáde kéré ju bó ṣe rí lọ lórí ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yẹ̀ ọ́ wò fún glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, lọ́jọ́ iwájú, á nílò ti àtijọ́.

Ṣé ẹnì kan ní keratoconus nínú ìdílé yín? Wọ́n máa bi ọ́.

Awò_Nípọn
Mi ò mọ̀ o. Màá pe màmá mi lálẹ́ yìí.