Ìwọ̀n ọkọ̀ wa kò fẹ́ bá laptop tuntun sọ̀rọ̀, ẹ gbà mí o

Akọ̀wé Kajú, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ yìí. Èmi ni mo ń ṣe ìwé owó níbi kan tí wọ́n ti ń ra kajú lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ìwọ̀n ńlá tí ọkọ̀ ń gùn wà ní géètì, ojú ìwọ̀n náà sì wà nínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àpótí irin kan tí nọ́ńbà pupa ń tàn lára ẹ̀. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n kọ RS-232 sábẹ́ ẹ̀, orúkọ ọ̀nà àtijọ́ tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú wáyà. Ibẹ̀ ni wáyà ti ń lọ sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń lo Windows XP. Kọ̀ǹpútà yẹn kú lóṣù tó kọjá. Nígbà tí a tú u, ìgbẹ́ ọmọ́nlé ló kún orí bọ́ọ̀dù ẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọmọ géètì ló ń ka nọ́ńbà, á kọ ọ́ sórí bébà, á fẹsẹ̀ rìn ín wá fún mi lọ́fíìsì. Ó tó ọgọ́rin mítà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 7,860 di 7,660 kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Baba tó ni kajú fárígá, ó ní a fẹ́ rẹ́ òun jẹ, kò sì sí ohun tí mo lè sọ, torí òótọ́ ni.

Ọ̀gá ra laptop tuntun, kò ní ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án. Mo ra wáyà USB-to-serial kan tó ń so ihò yẹn mọ́ ihò USB laptop, àmọ́ wótowòto ló ń kọ sójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń ta ìwọ̀n ní ká ju ojú ìwọ̀n yìí nù, ká ra tuntun. Iye tó dá lé e ra màlúù mẹ́ta. Ṣé ó ṣì ṣeé lò? Bó bá ṣeé lò, báwo ni nọ́ńbà ṣe máa dé ọ́fíìsì láìsí ẹni tó ń gbé bébà?

Ọmọ Ajílété
Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ra tuntun jàre. RS-232 yìí dàgbà ju bàbá mi lọ.

Ẹlẹ́rọ Tákìé
Ó dàgbà lóòótọ́, 1960 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Bàbá ẹ náà dàgbà, ṣé o ti jù wọ́n nù ni?

Àǹtí, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ wo Device Manager, ibi tí Windows ń to ẹ̀rọ tó wà lára ẹ̀ sí, ṣé wáyà yẹn ti gba nọ́ńbà COM, ìyẹn orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń fún ihò serial, àbí àmì òfeefèé wà lára ẹ̀? Bí àmì bá wà, dráífà ni (ètò tí Windows fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), tàbí kó jẹ́ pé ayédèrú ni ṣíìpù inú ẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gba PuTTY sórí laptop, ètò tó ń fi ohun tó ń gba inú wáyà wọlé hàn, ẹ mú Serial, ẹ kọ nọ́ńbà COM yẹn sí i, 9600 ni kí ìyára rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ dà á kọ síbí gẹ́lẹ́. "Wótowòto" yẹn pọ̀ níye, oríṣiríṣi ló wà.

Akọ̀wé Kajú
Kò sí àmì òfeefèé, COM4 ni. Ọkọ̀ kan wà lórí ìwọ̀n báyìí, 12,340 ló wà lójú. Ohun tó ń kọ léraléra nìyí. Ibi tí mo fi ? sí, àmì kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ ni:

S??GS?+0??3?0??

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́
Ó dà bíi pé wáyà ló gba òdì, àǹtí mi. Ẹ pa ẹsẹ̀ kejì àti ìkẹta dà síra wọn, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa ní láàbù rí.

Bàbá Ìwọ̀n
Ẹ dákẹ́ ná. Wáyà ò ṣẹ̀. Bí ẹsẹ̀ 2 àti 3 bá gba òdì, kọ̀ǹpútà ò ní kọ ohunkóhun rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹsẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, kó fi mítà wọ̀n ọ́n sí ẹsẹ̀ 5: èyí tó bá ń mú fóòtì wá nísàlẹ̀ òdo, bíi −5 sí −12, nígbà tí kò sí ohun tó ń lọ, òun ni ẹnu. Ti àǹtí ti ń sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Èdè ni kò yé laptop.

Àǹtí, ẹ wo nọ́ńbà yín dáadáa. 0 yè, 3 yè. 1, 2 àti 4 bàjẹ́. Ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn, ẹ ó rí i pé 5, 6 àti 9 máa yè, 7 àti 8 máa bàjẹ́. Bí wáyà bá ń já ni, gbogbo wọn ni ì bá máa bàjẹ́ bó ṣe wù ú. Èyí tí ẹ̀ ń rí yìí lófin.

Ohun tó fà á ni pé ìwọ̀n yín ń fi iná méje kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àwọn kan á tàn, àwọn kan á kú. Kó tó rán an, á ka iye tó tàn. Bó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, ó parí. Bó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, á tan iná kẹjọ sí i kí iye rẹ̀ lè pé méjì-méjì, kí ẹni tó ń gbà á lè mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà. Iná mẹ́rin ló ń tàn fún 3, nítorí náà ó dé ní àlàáfíà. Mẹ́ta ló ń tàn fún 1, ó gba ẹ̀kẹjọ, laptop yín sì rò pé ara lẹ́tà ni. Ibẹ̀ ni àmì àjèjì yẹn ti wá. Even parity ni orúkọ ẹ̀, ìwọ̀n àtijọ́ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ní PuTTY, lábẹ́ Serial: Data bits 7 (iná méje yẹn), Parity Even, Stop bits 1, Flow control None. Ẹ tún ṣí i.

Akọ̀wé Kajú
ST,GS,+012340kg

Mo pariwo débi pé dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀, ó rò pé ejò ni. Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Kí ni ST àti GS?

Bàbá Ìwọ̀n
Àmín. ST ni pé ìwọ̀n ti dúró. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun orí ẹ̀ lọ́wọ́, US ni ẹ máa rí, nọ́ńbà ṣì ń mì. Kí ẹni tó bá bá yín kọ ètò kọ̀ǹpútà má gba nọ́ńbà kankan bí kò bá ní ST, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjà tí ẹ sá fún lẹ máa padà bá. GS ni ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, NT ni èyí tí wọ́n ti yọ ìwọ̀n ọkọ̀ kúrò.

Ohun mìíràn: bí ẹ bá rí èdìdì òjé lára àpótí yẹn, kí ẹnikẹ́ni má já a torí pé ó ń wá bí òun ṣe máa yí ìyára ẹ̀ padà. Èdìdì ìjọba ni, ti ẹ̀ka tó ń rí sí ìwọ̀n ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún òwò. Laptop ni kẹ́ ẹ máa yí, ẹ fi ìwọ̀n sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹlẹ́rọ Tákìé
Bàbá ti parí ti àkọ́kọ́. Ó ku ọ̀nà ọ́fíìsì.

Ẹ má na wáyà serial yẹn dé ọ̀dọ̀ yín o. Nǹkan bíi mítà 15 ni agbára RS-232 mọ, ti USB tilẹ̀ kéré sí i. Ohun tí ẹ máa wá ni àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní serial device server. Moxa ń ṣe é, Lantronix ń ṣe é, ti Ṣáínà tí owó ẹ̀ fúyẹ́ náà wà. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ gba wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án, èkejì gba wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Yàrá géètì ló máa gbé, wáyà láti ibẹ̀ sí ojú ìwọ̀n ò ju mítà kan lọ. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì tí kò ní máa yí, bíi 192.168.1.50, ẹ fi 9600, 7, Even, 1 sínú ẹ̀ bí ẹ ṣe fi sí PuTTY.

Lẹ́yìn náà, dráífà tó bá a wá máa dá COM kan tí kò sí lójúkojú sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ètò yín á rò pé ìwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. COM yẹn, ètò kan ṣoṣo ló lè ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀gá náà bá fẹ́ máa wò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ẹ lo TCP server, ìyẹn kí àpótí máa rán nọ́ńbà gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì tààrà láìlo COM, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á bóyá ó ń gba ju ẹnì kan lọ.

Ọmọ Ajílété
Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, àti ser2net, ètò tó ń gbé serial sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ńkọ́? Owó tín-ín-rín.

Ẹlẹ́rọ Tákìé
Ó ń ṣiṣẹ́, mo ní ọ̀kan nílé. Àmọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ìlọrin yẹn máa jẹ káàdì ẹ̀ bí ọkà. Níbi tí owó àgbẹ̀ wà, èmi ò ní gbé e síbẹ̀.

Ọmọ Aláàfin, Ọ̀yọ́
Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ẹ sì mọ ẹni tó ni àrá ní ìlú wa. Ọgọ́rin mítà yẹn, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà á, ọgọ́rùn-ún ló lè dé. Ṣùgbọ́n wáyà bàbà láti ilé kan sí èkejì lásìkò òjò, ọwọ́ mi ti jóná níbẹ̀ rí. Àrá sán sínú oko ẹ̀yìn wa, kò kan ilé kankan, síbẹ̀ switch méjì (àpótí tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pàdé) kú àti ojú serial ẹ̀rọ tí a kò rí irú ẹ̀ rà mọ́. Inú wáyà ló gbà wọlé. Ẹ lo fáíbà, wáyà dígí ni, dígí ò gbé iná, tàbí kẹ́ ẹ fi wáyálẹ́ẹ̀sì méjì kọjú síra wọn. Bí agbára bá gbé e, ẹ ra àpótí tí wọ́n ti ya ojú serial ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́
Mo gbà pé mo ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dá mi lójú. Bí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ máa wo ìwọ̀n láti Èkó, tí ẹnì kan wá ní òun á ṣí ọ̀nà sí i láti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ serial ò ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ á kà á, á sì lè rán tirẹ̀ sí i. VPN, ọ̀nà àdáni tí wọ́n tì pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kó gbà wọlé. Kẹ́ ẹ sì yí password tó bá àpótí wá láti ṣọ́ọ̀bù.

Akọ̀wé Kajú
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. A ti ra àpótí, a gba ọ̀nà wáyálẹ́ẹ̀sì nítorí ọ̀rọ̀ àrá. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Baba tó fárígá lọ́jọ́sí wá, mo ní kó wọlé, ó rí nọ́ńbà tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kí rìsíìtì tó jáde. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn bọ́ fìlà, ó jókòó.

Ohun kan ló kù. Bí ọkọ̀ kékeré bá gun ìwọ̀n, kò sí wàhálà. Bí tírélà bá gùn ún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, á padà. Ṣé ìwọ̀n ló ń wúwo jù fún un ni?

Ẹlẹ́rọ Tákìé
Rárá o. Ibo lẹ kan wáyálẹ́ẹ̀sì géètì mọ́?

Akọ̀wé Kajú
Ara fèrèsé, ó kọjú sí ọ́fíìsì. Ìwọ̀n wà láàrin.

Ẹlẹ́rọ Tákìé
Tírélà ló ń dí i lójú. Ẹ gbé méjèèjì ga ju orí tírélà lọ, páìpù ẹsẹ̀ bàtà 20 tó.

Akọ̀wé Kajú
Háà! Ọkọ̀ tí a fẹ́ wọ̀n gan-an! Mo ti rán ọmọ géètì lọ sí Sábó lọ ra páìpù. Eré ló sá lọ, gbígbé bébà ti sú u.